Èdè Kú, Èèyàn Kò Kú: Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Àwọn Huarpe

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ nípa ikú èdè ní kí oníkálukú mú èdè kan tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́, kí ó kọ ojú ìwé mẹ́ta lé e lórí. Èdè Allentiac ni mo mú. Ìdí tí mo fi mú un kò wúwo rárá: lẹ́tà A ló fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lókè pátápátá nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n pín fún wa. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ nìyí: "Àwọn Huarpe jẹ́ ẹ̀yà kan tó ti parẹ́ ní ilẹ̀ Ajẹntínà." Nígbà tí iṣẹ́ náà padà dé ọwọ́ mi, olùkọ́ ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ "tó ti parẹ́", ó sì kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo padà lọ wá ibi tí mo ti rí i, n kò rí ibì kankan. Ohun tí mo kà ni pé èdè náà ti kú. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa àwọn tó ni ín mọ́ ọn. Àpilẹ̀kọ yìí ni àtúnṣe iṣẹ́ náà. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún tó ń bọ̀, àti fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ṣì ń yà wá wò lójú ìwé yìí.

Ilẹ̀ wọn àti omi wọn

Ilẹ̀ àwọn Huarpe wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Ajẹntínà, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Andes tó pààlà láàárín orílẹ̀-èdè náà àti Ṣílè. Cuyo ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lónìí: San Juan, Mendoza àti San Luis. Ẹ̀ka Huarpe méjì ni àwọn onímọ̀ máa ń dárúkọ jù. Àwọn tó wà lápá àríwá, níbi tí San Juan wà báyìí, ń sọ Allentiac. Àwọn tó wà ní gúúsù wọn, ní àyíká Mendoza, ń sọ Millcayac. Èdè méjèèjì bá ara wọn tan. Àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà nínú ẹbí èdè tí a ń pè ní ẹbí Huarpe. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin so ẹbí yìí mọ́ ẹbí èdè mìíràn.

Ilẹ̀ gbígbẹ ni Cuyo. Òjò tó ń rọ̀ ní ìlú Mendoza láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bíi 200 mílímítà lọ. Òjò Ìbàdàn ń ju 1,000 lọ, nítorí náà ẹni tó bá gbé ọ̀nà oko ìdílé wa lọ gbin àgbàdo níbẹ̀, tó ń wojú ọ̀run, ebi ni yóò pa á. Orí òkè ni omi wọn ti ń wá. Yìnyín tó bo orí àwọn òkè Andes ń yọ́, ó ń di odò Mendoza, odò San Juan àti àwọn odò mìíràn tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn Huarpe gbẹ́ ojú omi láti etí odò wọ inú oko, wọ́n fi ń bomi rin àgbàdo, ẹ̀wà, elégédé àti quinoa. Nígbà tí agbára àwọn Inca dé Cuyo ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n bá iṣẹ́ oko níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì dé lẹ́yìn wọn, wọ́n bá ojú omi níbẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ ìlú dó sí.

Ẹni tó bá dé Mendoza lónìí yóò rí i pé ojú omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ títì jákèjádò ìlú. Acequia ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fún àwọn igi tó ṣíji bo títì lómi. Ojú omi ńlá kan tó la ìlú kọjá ń jẹ́ Cacique Guaymallén. Cacique ni orúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pe olórí ìlú tàbí baálẹ̀. Guaymallén jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí Huarpe tí wọ́n bá nílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Mendoza ń jẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbọ́ Millcayac rí ń pe orúkọ ọkùnrin Huarpe kan lójoojúmọ́, ní ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

Níbi tí ààlà ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni àwọn adágún Guanacache wà. Ibẹ̀ ni odò Mendoza àti odò San Juan ti ń pàdé, kí omi wọn tó gba odò Desaguadero lọ sí gúúsù. Apẹja ni àwọn Huarpe ibẹ̀. Wọ́n ń di esùsú etí omi ní ìdì gbọọrọ, wọ́n ń so àwọn ìdì náà pọ̀ di ọkọ̀ tó ń léfòó. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú pẹ́pẹ́yẹ igbó ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Wọ́n á sọ akèǹgbè sínú adágún, wọ́n á jẹ́ kó máa léfòó kiri títí ojú àwọn pẹ́pẹ́yẹ á fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọdẹ á de akèǹgbè kan sórí, á wọ inú omi dé ọrùn, á rọra máa sún mọ́ wọn. Bó bá dé ìdí pẹ́pẹ́yẹ kan, á fà á lẹ́sẹ̀ wọ inú omi, àwọn yòókù kò sì ní fura.

Alonso de Ovalle, àlùfáà Jésúìtì kan tí wọ́n bí ní Santiago, kọ ìwé nípa Ṣílè tó jáde ní Róòmù ní 1646. Ó sọ nípa àwọn Huarpe níbẹ̀, nítorí pé abẹ́ ìjọba Ṣílè ni Cuyo wà nígbà náà. Ó ní èèyàn gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, àti pé wọ́n ń hun agbọ̀n tó fún pọ̀ débi pé omi kì í jò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ agbọ̀n yìí kò parẹ́. Àwọn obìnrin àyíká Guanacache ṣì ń hun ún títí di òní.

Bí wọ́n ṣe kó wọn kọjá òkè

Ní 1561, Pedro del Castillo tẹ Mendoza dó. Ní 1562, Juan Jufré tẹ San Juan dó. Ọ̀nà òkè láti Santiago ni àwọn méjèèjì gbà wá, Santiago náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pín ilẹ̀ tuntun náà láàárín ara wọn ń gbé. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní encomienda. Lábẹ́ ètò yìí, ọba Sípéènì á fi àwọn ọmọ onílẹ̀ kan sábẹ́ jagunjagun kan. Wọ́n ní kí ó máa kọ́ wọn ní ẹ̀sìn, kí àwọn náà máa sin ín tàbí kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cuyo yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ibòmíràn, òun ló sì pa àwọn Huarpe lára jù. Nítorí pé òdìkejì òkè ni àwọn ọ̀gá ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ ti wáyé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Huarpe gba ọ̀nà tó ga ju 3,000 mítà lọ, nínú òtútù, láti lọ ṣiṣẹ́ ní Santiago àti àyíká rẹ̀. Àwọn kan kú sójú ọ̀nà. Àwọn kan dé ibẹ̀, wọn kò sì padà mọ́. Ọkọ lọ, aya kù nílé. Àwọn mìíràn sá lọ sí ibi tí ẹṣin àwọn ará Sípéènì kò ti lè rí wọn dáadáa: inú aṣálẹ̀, àti inú esùsú Guanacache.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Nínú kíláàsì, a máa ń sọ pé èdè ń kú nígbà tí òbí kò bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe pé òbí kan jókòó, tó ronú, tó sì yan èdè Sípáníìṣì fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n mú òbí kúrò nídìí ọmọ ni. Bàbá wà ní Santiago láàárín àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì àti Mapudungun, ọmọ wà ní Cuyo. Ta ni yóò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀?

Ìwé ọdún 1607

Santiago yìí kan náà ni Luis de Valdivia wà. Ọmọ Sípéènì ni, àlùfáà Jésúìtì. Ó wà lára àwọn Jésúìtì àkọ́kọ́ tó dé Ṣílè ní 1593. Ní 1606, ó tẹ ìwé gírámà Mapudungun jáde ní ìlú Lima. Ní ọdún kejì, 1607, ó tún tẹ ìwé Allentiac àti ìwé Millcayac jáde ní Lima níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn ti ìjọ Àgùdà, ìbéèrè tí àlùfáà yóò máa bi ẹni tó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, gírámà kúkúrú àti àkójọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Bí a bá yọ ìwé méjèèjì yìí kúrò, díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ wa nínú èdè Huarpe, pàápàá orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi.

Ẹ jẹ́ kí á wo nǹkan díẹ̀ nínú Allentiac. Àwọn arọ́pò-orúkọ rẹ̀ rèé:

cu – èmi
ca – ìwọ
ep – òun
cuchu – àwa
cachu – ẹ̀yin
epchu – àwọn

Ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀kọ́ mọfọ́lọ́jì ní ọdún kejì yóò rí i lójú ẹsẹ̀. A mú ẹyọ, a fi -chu kún un ní ìparí, ó di ọ̀pọ̀. Mọ́fíìmù kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ náà fún ẹni kìíní, ẹni kejì àti ẹni kẹta. Ẹ fi wé tiwa. Nínú Yorùbá, "mo" di "a", "o" di "ẹ", "ó" di "wọ́n". Kò sí àfòmọ́ kankan tí a lè gé kúrò níbẹ̀. Odindi ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ń mú. Kí á tún rántí pé àkọtọ́ Sípáníìṣì ni Valdivia lò, nítorí náà ìró k ni c inú cu àti ca dúró fún.

Òǹkà rẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Lcaa ni ọ̀kan, yemen ni èjì, ltun ni ẹ̀ta. Ẹ gbìyànjú láti pe lcaa àti ltun. Kọ́ńsónáǹtì méjì ló tẹ̀lé ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, láìsí fáwẹ́lì láàárín wọn. Ahọ́n Yorùbá kò gba èyí. Bí a bá yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò, àá fi fáwẹ́lì há wọn láàárín, bí a ṣe sọ búrẹ́dì. Ṣé l yìí jẹ́ ìró kan pẹ̀lú t, àbí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù, bí ti n tiwa nínú "ń lọ"? Ìwé kò lè dáhùn. Àlùfáà tó gbọ́ ọ ló fi lẹ́tà èdè tirẹ̀ kọ ọ́, etí tirẹ̀ nìkan ló sì kù fún wa.

Èyí ni ìṣòro ìwé náà. Bí ẹnì kan bá bi yín pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹ dá, ẹ lè rí bí àlùfáà ṣe fi Allentiac béèrè nínú ìwé Valdivia. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyá Huarpe ṣe ń rẹ ọmọ tó ń sunkún, tàbí ohun tí ọdẹ orí omi ń sọ sí ẹnì kejì rẹ̀ kí ó tó de akèǹgbè sórí, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní òrìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Hunuc Huar, tí ń gbé orí òkè, tí wọ́n ń gbé àgbàdo àti ọtí lọ fún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí a kọ láti lé e lọ.

Àwa Yorùbá náà mọ ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Ní 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Àjàyí Crowther jáde, òun náà sì ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogùn ni Crowther, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní èdè tó ń kọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òwe fi pọ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó tún un tẹ̀ ní 1852. Àlejò lè kọ gírámà èdè kan sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà sínú rẹ̀ ni òwe ń wá sí lẹ́nu láìpè é.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láìsí Valdivia, àwa kì bá tí mọ -chu. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Ní 1894, José Toribio Medina tún ìwé Allentiac tẹ̀ ní Seville. Ní ọdún yẹn náà ni Bartolomé Mitre, tó ti ṣe ààrẹ Ajẹntínà rí, tẹ ìwádìí tirẹ̀ lórí rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ojú ìwé díẹ̀ ló kù tí àwọn èèyàn mọ̀ nínú ti Millcayac. Ìgbà tí Fernando Márquez Miranda rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ní ìlú Cuzco, ní Pẹ̀rú, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1943, ni àwọn onímọ̀ tó lè kà á tán. Ó ju 300 ọdún lọ tí èdè kan fi wà nínú àpótí ìwé, tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó ń sọ ọ́ ń da ewúrẹ́ ní Lavalle, tí wọn kò sì mọ̀.

Orúkọ ilẹ̀, àti ìkánjú wa

Ibi tí mo ti tún kọsẹ̀ nínú iṣẹ́ mi ni orúkọ Cuyo. Mo kọ pé ọ̀rọ̀ Huarpe ni, pé "ilẹ̀ iyanrìn" ló túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní kí n lọ wo Mapudungun. Mo wò ó, mo sì rí kuyüm: iyanrìn. Ṣé àwọn Huarpe ló yá a lọ́wọ́ àwọn Mapuche? Ṣé àwọn Mapuche ló ń pe ilẹ̀ aládùúgbò wọn bẹ́ẹ̀, tí àwọn ará Sípéènì sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, nígbà tó jẹ́ pé láti Ṣílè ni wọ́n ti wá? Èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò tó ẹ̀rí láti fi sọ pé Huarpe nìkan ló ni ín.

Orúkọ ibi pọ̀ ní Cuyo tí kì í ṣe Sípáníìṣì: Tunuyán, Ullum, Zonda, Guanacache, Uspallata. Orí ilẹ̀ àwọn Huarpe ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti gba Inca lálejò, ó sì bá àwọn Mapuche pààlà. A mọ̀ nílé wa bí ẹni tó wá láti ìlú mìíràn ṣe máa ń túmọ̀ orúkọ ìlú wa bí ó ṣe wù ú, tí ìtumọ̀ náà á sì wọ inú ìwé. Kí á má ṣe irú rẹ̀ fún wọn. Bí orúkọ kan kò bá sí nínú Valdivia, tí ìhun rẹ̀ kò sì bá ohun tí a mọ̀ mu, kí á kọ pé orí ilẹ̀ Huarpe ló wà, kí á dúró níbẹ̀.

Ta ló sọ pé wọ́n parẹ́?

Mo wá padà sí ìbéèrè yíǹkì pupa. Àwọn tó sọ ọ́ pọ̀. Domingo Faustino Sarmiento, ọmọ San Juan, kọ ìwé ìrántí kan ní 1850 tó pe àkọlé rẹ̀ ní Recuerdos de provincia. Orí kan wà níbẹ̀ tó dá lórí àwọn Huarpe, ó sì sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú. Lẹ́yìn náà ló di ààrẹ, láti 1868 sí 1874. Ọwọ́ Mitre ló ti gba ipò náà. Ẹ wò ó: ààrẹ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan kọ̀wé nípa èdè wọn, èkejì kọ̀wé nípa òpin wọn, àwọn èèyàn náà sì wà ní Guanacache.

Orúkọ ni wọ́n pa dà. Nínú ìwé ìjọ àti ìwé ìjọba, ẹni tí wọ́n ń pè ní Huarpe di ẹlẹ́jẹ̀ méjì, ó di ará oko, ó di lagunero, ìyẹn ará adágún. Ẹni tí kò sọ èdè bàbá rẹ̀ mọ́, tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ Àgùdà, tó ń lọ ṣe àjọ̀dún ní ṣọ́ọ̀ṣì Rosario ní etí adágún, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ mọ́. Martina Chapanay, obìnrin ajagun tí wọ́n bí ní àyíká Guanacache ní nǹkan bíi 1800, ìran Huarpe ni. Òkìkí rẹ̀ kàn nínú ogun abẹ́lé ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn ará San Juan. Síbẹ̀, ìwé ń sọ pé ìran rẹ̀ ti tán.

Ó rọrùn láti gba ilẹ̀ ẹni tí ìwé ti sọ pé kò sí. Ọ̀nà rélùwéè dé Mendoza ní 1885, oko àjàrà sì gbòòrò. Ọtí wáìnì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Mendoza, omi odò ni wọ́n fi ń gbin àjàrà rẹ̀. Bí oko ṣe ń pọ̀ sí i lókè odò ni omi tó ń dé Guanacache ń dín kù. Wọ́n tún gé igi algarrobo aṣálẹ̀ fún igi ìdáná àti òpó oko àjàrà. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ti Guanacache kò rí bẹ́ẹ̀. Odò kò gbàgbé, wọ́n dí i mọ́ ọ̀nà ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, èyí tó pọ̀ jù nínú adágún náà gbẹ. Apẹja di darandaran ewúrẹ́. Ojú omi tí àwọn Huarpe kọ́kọ́ gbẹ́ sí ilẹ̀ yẹn, ọgbọ́n kan náà tó fi ìlú Mendoza sípò, ló gbé omi lọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn.

Wọ́n dìde dáhùn

Ní 1994, Ajẹntínà tún òfin ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Abala 75 rẹ̀ gbà pé àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ti wà kí orílẹ̀-èdè náà tó wà, pé wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé. Ní 1999, wọ́n fi Guanacache sínú àkọsílẹ̀ Ramsar, ti àwọn ilẹ̀ olómi tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Ní 2001, ìpínlẹ̀ Mendoza ṣe òfin 6920, tó gbà pé àwọn Huarpe Millcayac wà níbẹ̀ ṣáájú ìpínlẹ̀ náà, tó sì ní kí wọ́n gba ilẹ̀ ní Lavalle padà fún àwọn àwùjọ wọn. Òfin rọrùn láti kọ ju láti fi ìwé ilẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì fa ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2010, àwọn 34,279 ló sọ fún ìjọba pé Huarpe ni àwọn.

Àwọn kan béèrè pé níbo ni wọ́n ti wá lójijì. Onímọ̀ kan, Diego Escolar, tẹ ìwé jáde ní 2007 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í ṣe òjijì. Ìrántí wà nínú ìdílé, ẹjọ́ ilẹ̀ wà láti ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ohun tí kò sí ni ẹni tó bi wọ́n.

Ẹ̀kọ́ fún àwa tó ń kọ́ èdè

Nǹkan mẹ́ta ni mo mú kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Èkíní, kí á ya èdè sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ni ín nígbà tí a bá ń kọ̀wé. "Èdè tí kò ní elédè abínibí mọ́" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "ẹ̀yà tó ti parẹ́". A mọ̀ pé èdè ni ohun ìní pàtàkì, bóyá nítorí pé òun ni iṣẹ́ wa, a máa ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ohun ìní. Agbọ̀n wà, ojú omi wà, orúkọ wà, ilẹ̀ wà, ìbátan wà.

Èkejì, nígbà tí a bá ní ìwé kan ṣoṣo lórí èdè kan, kí á béèrè ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń wá kí á tó béèrè ohun tó rí. Gírámà Valdivia kò purọ́. Ohun tó wúlò fún àlùfáà tó fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló kó jọ.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ lè ṣe ẹnì kan ní jàǹbá. Mo rò pé ojú ìwé mẹ́ta fún máàkì ni mo ń kọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mi kò yàtọ̀ sí èyí tí agbẹjọ́rò lè kà níwájú adájọ́ láti fi gba oko lọ́wọ́ ìdílé kan ní Lavalle. Irú rẹ̀ tó kún inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló jẹ́ kí ó rọrùn fún èmi náà láti kọ ọ́ láìwo ẹ̀yìn.

Mo ti tún gbólóhùn àkọ́kọ́ mi kọ. Ó kà báyìí: "Allentiac jẹ́ ọ̀kan nínú èdè méjì tí àwọn Huarpe ń sọ, àwọn èèyàn tó ń gbé ní Cuyo, ní ìwọ̀-oòrùn Ajẹntínà, títí di òní." Mo gbé e lọ fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó dára. Máàkì mi kò yí padà.